Ta Ló Ní Kí Ẹ Tún Géèjì Mi Ṣe?

Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́, Ezra? Mo ní ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́, ìwọ àti Waris ọmọ mi! Ṣé mo wá sí ìsọ̀ rẹ lọ́jọ́ kan rí kí n sọ pé géèjì ń dùn mí? Ṣé mo pè ọ́ lórí fóònù pé Ezra, sáré wá o, ọwọ́ géèjì ìgbóná ọkọ̀ mi kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, gbà mí? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá nítorí bíréèkì, mo wá nítorí táyà, mo wá nítorí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kì í fẹ́ tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wa Pijó yìí, ọdún mọ́kànlá nínú rẹ̀ ni ọwọ́ géèjì yẹn ti fi dúró sórí H, ibi ìgbóná, kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìwọ mẹkáníìkì àti ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ẹ tún un ṣe. Kò pé ọjọ́ méjì, ẹ́ńjìnnì kú. Ta ni kí n wá mú báyìí?

Má gbé àga kankan fún mi. Mo ní má gbé e... Ó dáa, gbé e wá. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Láti ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá já mi sí ni mo ti fẹsẹ̀ rìn débí. Èmi Mùsúdù! Èmi tí mo gbé ìyàwó lọ ilé ọkọ, tí mo gbé aboyún lọ ọsibítù, tí mo gbé ìdajì àwọn àgbààgbà Kuje ẹ̀bá Festac yìí lọ síbi tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ, èmi ni wọ́n wá ń sọ fún nínú kẹ̀kẹ́ pé, "Bàbá, ẹ sún wọlé díẹ̀, ẹnì kan ṣì ń bọ̀." Ẹ sún wọlé! Mo sún. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Wò ó níbẹ̀ yẹn. Wo bó ṣe la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó sùn lọ lórí ìjókòó. Ó kéré tán, ẹ bá bá mi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé, kí àwọn tó ń kọjá má baà máa wo inú rẹ̀. Ọkọ̀ yìí nítìjú o. Olówó rẹ̀ nítìjú.

Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé aago mẹ́rin ni ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀. Mo ní aago lọ́wọ́, Ezra, mo sì lè wò ó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi tètè wá. Mo fẹ́ sọ tinú mi kí àlejò tó dé, nítorí bí ó bá dé tán, ẹ̀rín ni màá máa rín sí i, èmi náà á máa sọ pé ọkọ̀ dáadáa ni, ìwọ náà á máa sọ pé ọkọ̀ dáadáa ni, a ó jọ máa parọ́ nínú oòrùn.

Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó ṣe é tún ṣe. Ṣé o gbàgbé ni? O ní o mọ ẹnì kan tó ní ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, pé á wọ inú rẹ̀ geere, pé láàárín ọjọ́ mẹ́rin màá máa wà á lọ. Inú mi dùn débi pé mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ọ. Lẹ́yìn tí o mu ún tán ni o tó tẹ̀ ba, o fi tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀, o sì pẹ́ níbẹ̀. Mo rí ọ! O fi ìka kan gún irin abẹ́ rẹ̀, ìka náà wọlé. Mo ní kí ló dé? O ní, "Bàbá, omi ilẹ̀ Festac yìí ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Tí a bá gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sí i, orí kí ni ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ jókòó lé?" Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí o ti bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo ń dùbúlẹ̀, mo ń rò ó. Orí kí ni ó fẹ́ jókòó lé?

Waris ní kí n tà á. Kò tilẹ̀ la ẹnu pe "tà." Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa lọ." Bí ìgbà tí ènìyàn dùbúlẹ̀ sílé tí kò jẹun mọ́, tí wọ́n wá ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ! Ṣé òun ló mọ ìgbà tó dé ni? Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí mo wà á wọ àdúgbò, ó sá wọ abẹ́ tábìlì nítorí ìró rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí o kò mọ̀. O rò pé ọkọ̀ ni mo fẹ́ tà? Ilé ìwé ni mo fẹ́ tà. Má rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ìjókòó nínú kíláàsì kan láyé mi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ilé ìwé ní Ìsẹ́yìn, èmi ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ ta àlùbọ́sà. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kí n tó mọ ohun tí a ń pè ní lẹ́tà. Inú Pijó yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìjókòó dírẹ́bà yẹn ni bẹ́ńṣì mi.

Ṣé o rántí bí àwọn táńkà epo ṣe máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Satellite Town, tí ènìyàn ó dúró sẹ́yìn wọn láti àárọ̀ títí di ìrun ọ̀sán? Àwọn yòókù á máa bú wọn. Èmi á jókòó pẹ̀lú páálí mílíìkì àti ṣúgà ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn mi, màá máa wo ìdí táńkà. Lẹ́tà ńláńlá, pupa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó orí ènìyàn. Màá sọ̀ kalẹ̀ lọ bá dírẹ́bà táńkà, màá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, kí lórúkọ èyí tó ṣáájú yẹn?" Àwọn kan á rò pé orí mi ti dàrú. Àwọn kan á sọ fún mi. Lójoojúmọ́ ni mo ń kó lẹ́tà kan tàbí méjì lọ sílé bí ẹni kó ọjà, mo ń fi ìka kọ ọ́ sórí itan kí n má baà gbàgbé.

Ṣé o mọ èyí tí mo kọ́kọ́ mọ̀ dunjú, kí n tó mọ A, kí n tó mọ B? H. H orí géèjì yẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i, bí àkàbà tí kò ní ju igi ìgbésẹ̀ kan lọ. Lọ́jọ́ tí mo rí àkàbà kan náà lára táńkà, mo pariwo nínú ọkọ̀. Èmi nìkan! Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́! Mo mọ̀ ọ́ o, ilé mi lo wà!" Láti ibẹ̀ ni mo ti ra ìwé a-b-d, tí mo ń pa á mọ́ sábẹ́ ìjókòó kí àwọn ọmọ má baà rí i. Ọdún kan àbọ̀, Ezra. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èmi ni olùkọ́, èmi ni akẹ́kọ̀ọ́, èmi náà ni mo ń na ara mi.

Ẹ wá fọwọ́ kan H mi.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé mi pé ọwọ́ yẹn ń parọ́. Láti ọjọ́ tó ti gun orí H, ibẹ̀ ló wà, bí a bá tan iná, bí a bá pa iná, bí òjò ń rọ̀, bí ọyẹ́ ń mú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ mi, tó bá ní, "Háà, Bàbá, ọkọ̀ yín gbóná o," gbogbo ará ilé ni ó máa dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Má wo ibẹ̀!" Ìyá Waris, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ó máa ń fi ìbòrí rẹ̀ kọ́ iwájú géèjì náà kí àlejò má baà bẹ̀rù. Imú ni mo fi ń mọ ìgbóná. Etí ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Omi òjò ni mo ń gbà sínú kẹ́ẹ̀gì, òun ni mo ń bù sí rẹdiétọ̀, nítorí omi kànga ẹ̀rọ àdúgbò wa pọ́n bíi tíì, ìwọ fúnra rẹ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹni tí kò tọ́jú ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Jímọ̀ yẹn wá dé.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mo rí i. Wọ́láhì, mo rí i! Bí mo ṣe ṣí ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà báyìí, mo rí ọwọ́ géèjì pé ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó sùn sísàlẹ̀ pátápátá, lórí C, ibi tútù. Mo ní, "Ó tán. Ó ti wá kú yányán." Mo tilẹ̀ káàánú rẹ̀. N kò mọ̀ pé ara rẹ̀ ló yá! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi mọ̀ ọ́n ní òpùrọ́, ta ló máa sọ fún mi pé ó ti ronú pìwà dà?

Ìwé kan wà lórí ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń bọ̀ níbẹ̀, má kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

Mo lọ gbé Yaqub ní Satellite Town. O mọ Yaqub, ọ̀rẹ́ mi tó ń fi ọ̀pá rìn, tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Gbogbo Jímọ̀ ni mo máa ń lọ gbé e, a ó jọ wá kírun ní Kuje níbí, ní mọ́ṣáláṣí tí a jọ ru yanrìn rẹ̀ nígbà tí a ṣì lágbára. Ọdún méjìlélógún, Jímọ̀ kan kò yẹ̀ fún Yaqub. Òjò ò dá a dúró, ọ̀fọ̀ ò dá a dúró. Ọjọ́ tí wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì kọ́ ni, ó ti sọ fún dókítà tẹ́lẹ̀.

Bó ṣe fẹ́ jókòó ni ó mú ìwé náà lórí ìjókòó. Ó ní, "Mùsúdù, ìwé rẹ rèé." Mo gbà á. Mo na ọwọ́ sí àpò fún awò ojú mi, kò sí níbẹ̀. Orí tábìlì nílé ni mo fi í sí. Mo gbé ìwé náà jìnnà, mo gbé e súnmọ́, gbogbo rẹ̀ ń fò bí èèrà. Yaqub wá na ọwọ́. Yaqub lọ sí ilé ìwé, ó tó kíláàsì mẹ́ẹ̀dógún tó kà, ó máa ń jẹ́ kí a mọ̀. Ó ní, "Mú un wá kí n kà á fún ọ."

Kí n kà á fún ọ! Ezra, wo ojú mi. Ṣé èmi ni wọ́n ń ka nǹkan fún? Mo já ìwé náà gbà, mo há a mọ́ ẹ̀yìn pátákó tí a fi ń dí oòrùn lókè orí mi, mo ní màá kà á bí mo bá délé, mo sì ṣí ọkọ̀.

A kò tíì jìnnà tí ọwọ́ géèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Díẹ̀díẹ̀. Yaqub ni ó kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Mùsúdù, nǹkan kan ń gòkè o." Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó ti jí! Ilé rẹ̀ ló ń padà sí, ẹ jẹ́ kó máa lọ." Ó rìn, ó rìn, ó dé orí H, ó dúró. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Mo sọ fún Yaqub pé, "Ṣé o rí i? Ibẹ̀ ló máa ń wà." Yaqub ní òun ń gbóòórùn bí ìgbà tí ìkòkò bá gbẹ lórí iná. Mo ní táńkà ni. Ó ní kò sí táńkà níbí. Mo ní táńkà tó kọjá ni! Ó ní, "Mùsúdù, dúró." Mo ní bí mo bá dúró, a ò ní bá kútúbà, wàásù ìmáàmù. Ìgbà tí a fi máa dé Apple Junction, mo gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, gbà, gbà, gbà, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá. Lẹ́yìn náà kò sí ìró kankan mọ́. Páìpù omi ti bẹ́ láti Satellite Town. O fi hàn mí. Ihò tí kò tó ojú ọmọ ìka.

A kò bá kútúbà. A kò bá ìrun pàápàá. A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, Yaqub lórí kẹ́ẹ̀gì omi òjò mi, ọ̀pá láàárín ẹsẹ̀, a ń gbọ́ ìmáàmù láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ọ̀kánkán. Kò bínú sí mi. Ìbá bínú! Ó kàn bọ́ fìlà, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, kò burú." Èyí dùn mí ju ẹ́ńjìnnì lọ. Jímọ̀ mẹ́ta ti kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní òun ń kírun ní ibì kan lẹ́yìn ilé òun, ibi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n gbé àga fún un. Ní Kuje, àga Yaqub wà lẹ́bàá ògiri. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo rí i ní Jímọ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó jókòó lé e.

Waris pè mí lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní, "Ta ló ní kí o tún géèjì mi ṣe?" Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ máa kọ̀ ni." Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Ó wá ní, "Bàbá, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín." Mo pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, n kò gbé ìpè rẹ̀. Ó rán ìyàwó rẹ̀, Tèmilọlá, ó gbé ọbẹ̀ wá. Mo jẹ ọbẹ̀, n kò dá iṣẹ́ tí wọ́n rán an lóhùn. Ó ní Waris lóun á máa fi ọkọ̀ òun gbé mi àti Alhaji Yaqub ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Gbé mi! Ṣé páálí mílíìkì ni mí? Èmi ni mo máa ń gbé ènìyàn.

Kí lo sọ? Sọ ọ́ síta. O ti ń lọ́ ẹnu láti ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ̀n-ẹ́n. Òfin mi. Mo mọ̀ pé o máa dé ibẹ̀. Waris ló sọ fún ọ, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣe òfin. Ọjọ́ tí mo ka ìwé a-b-d tán ni mo pe gbogbo ilé jọ, mo ní láti òní lọ, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù tàbí lórí ọkọ̀ mi, kó má fẹnu sọ fún mi mọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí n kà á. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Ẹni tó ka ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ fún mi, ìlà mẹ́ta ló kà, ó fo ìkẹrin. Mo tẹ̀ka sí i. Ìlà kẹrin yẹn ló lé mi jáde. Ọ̀rẹ́ mi ni o, kì í ṣe àjèjì. Mo búra pé kò tún sí ẹnu kan tó máa wà láàárín èmi àti ìwé láyé mi mọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀dógún ni wọ́n fi ń kọ ọ́. "Bàbá, mílíìkì ti tán." "Bàbá, táyà ẹ̀yìn ń jò." Waris tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi nígbà tó fẹ́ gbé ìyàwó.

Nítorí náà ó pa òfin mi mọ́. Ohun tí o fẹ́ sọ nìyẹn. Sọ ọ́, má bẹ̀rù. Ó pa òfin mi mọ́, èmi tí mo ṣe òfin ni mo há a mọ́ òkè orí mi.

Rárá, n kò tíì kà á. Láti ọjọ́ náà. Kí ni mo fẹ́ kà? Ṣé yóò mú ẹ́ńjìnnì tutù ni? Níbí ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ wá, ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, mo sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Lọ mú un wá.

Mo ní lọ mú un wá, Ezra, kí ẹni yẹn tó dé. Ẹ̀yìn pátákó ìdíwọ́ oòrùn, ọwọ́ òsì. Rọra, má fi ọwọ́ ọ̀yìlì dì í mú. Fi etí rẹ̀ dì í mú. Ẹ̀n.

Mo mú awò mi wá lónìí. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Má bá mi kà á o! Wo ibòmíràn.

"Bàbá mi, ẹ kú ojúmọ́. Mo ti ní kí Bọ̀dá Ezra tún ọwọ́ ìgbóná ọkọ̀ yín ṣe. Ó ti ń sọ òótọ́ báyìí. Bí ẹ bá rí i tó ń sún mọ́ H, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pè mí. Ibi yòówù kí n wà, màá wá. Mo fẹ́ fẹnu sọ ọ́, mo rántí òfin yín. Èmi, Waris."

Ìlà mẹ́fà. Kò fo ọ̀kan.

Ó kọ ọ́ gàdàgbà gadagba. Ṣé o rí i? Báyìí kọ́ ni Waris ṣe máa ń kọ̀wé, ìwé tirẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ó mọ̀. Ó mọ̀ pé ojú mi... Ó ti mọ̀.

Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀.

Ezra, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí o bá sọ ọ́ fún ẹnì kan, n kò ní bá ọ da nǹkan pọ̀ mọ́. Ó ti tó ọdún kan tí n kò lè ka ìdí táńkà mọ́. Pẹ̀lú awò, láìsí awò. Mo ń rí pupa, n kò rí lẹ́tà. Ní oṣù Rámádáánì, kẹ̀kẹ́ kan yọ níwájú mi ní títì Festac, Yaqub ló pariwo kí n tó tẹ bíréèkì. Mo bú ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà. Mo bú u dáadáa, mo bú bàbá rẹ̀. Òun kọ́ ló jẹ̀bi. Yaqub kàn yí ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Jímọ̀ kejì, ó tún jókòó tì mí. Ó ń wo ọ̀nà fún mi. Mo rò pé mò ń gbé Yaqub ni, kò yé mi pé Yaqub ló ń mú mi lọ.

Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe ẹsẹ̀ yìí nìkan.

Rárá, má sọ fún mi pé ó ṣì ṣe é tún ṣe. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe ọ́. O lè jó irin mọ́ abẹ́ rẹ̀, o lè gbé ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn sínú rẹ̀, á dún, màá jókòó sínú rẹ̀, inú mi á dùn. Ta ló máa wo ọwọ́ géèjì? Ó ń sọ òótọ́ báyìí, ojú tó máa kà á ni kò sí.

Ṣé o ní bírò? Mú un wá. Bírò ni mo ní, kì í ṣe pẹ́ńsù. N kò ní ibi tí màá kọ ọ́ sí, àfi ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ yìí. Fún mi ní pátákó tí màá fi tẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ọ́n kà dáadáa, kíkọ ni ọwọ́ mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. N kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni rí láyé mi, àwọn ló ń kọ sí mi. Má wo ọwọ́ mi, mo ní!

W... a... r... i... s. Ó ti jáde.

"Waris. Mo ti kà á. Ta ọkọ̀ náà." Ṣé ó ṣe é rí? Ó ṣe é rí. Dúró, kò tíì tán. "Jímọ̀, aago méjìlá, kọ́kọ́ gbé Yaqub. Má pẹ́." Kó sì má tan rédíò. Ìyẹn ń kọ́, ṣé ààyè wà? Màá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. "Má tan rédíò." Kó mọ̀ pé kì í ṣe pé mo ti túúbá tán. Kó mọ̀ pé bàbá òun ló ṣì ń pàṣẹ.

Gbà. Ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ, fi ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe ìpè o! Bí ó bá pè, sọ fún un pé òfin ṣì wà níbẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣé ẹni yẹn rèé? Èyí tó wọ fìlà pupa, tó ń wo táyà kó tó wo ènìyàn? Òun ni. Dìde, lọ pàdé rẹ̀. Rárá, a ò ní parọ́ mọ́, ó ti sú mi. Sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Sọ fún un pé abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán, kó fi ìka gún un bí ó bá fẹ́. Sọ fún un pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í tì, pé rẹdiétọ̀ ń jò, pé ìjókòó dírẹ́bà ti tẹ̀ sí ọwọ́ òsì nítorí ìdí mi.

Bí ó bá wá bi ọ́ pé ṣé kò wá sí nǹkan kan tó dáa lára rẹ̀ ni, Ezra, kí o sọ fún un pé... ha! Kí o sọ fún un pé géèjì ìgbóná rẹ̀ ń ṣiṣẹ́! Ha, ha! Tuntun ni! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni!